Àmánà Ni Owó Ẹni Tí Kò Sí Ní Gbàǹjo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú-Igbó, gbàǹjo kò léèwọ̀. Anas gbà á wá pé Ànábì (s.a.w.) fi aṣọ àti ife aláìní kan ṣe gbàǹjo: ẹnì kan pe dírámù kan, ẹlòmíràn san méjì. Najash ni ó kọ̀: kí ẹni tí kò ní í rà máa gbé owó ọjà sókè.

Ẹnì kan kò lè wá síbi gbàǹjo tírà àfọwọ́kọ àtijọ́. Ó kọ̀wé sí onígbàǹjo pé òun lè san tó 200,000 náírà. Àwọn tó wà níjokòó dúró lórí 80,000. Onígbàǹjo wá ń nàka sí ibi tí kò sí ènìyàn, títí owó fi pé 200,000.

Àwọn kan ní, ‘Ṣebí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́?’ Rárá o! Òpin agbára rẹ̀ ló sọ, kì í ṣe iye ọjà. Òfin ọjà Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 pàápàá ní bí olùtà bá dá iye lé ọjà ara rẹ̀ láìkéde, ẹni tó rà á lè kà á sí jìbìtì.

Olówó kò sí níbẹ̀. Ọlọ́hun wà níbẹ̀.