Ìṣáwùrú Inú Gíláàsì: Ẹ Má Ṣa Tòdò Wálé

Ìgbín kì í ṣe ìṣáwùrú. Àwa tí à ń kọ́ nípa Yorùbá ló yẹ ká tètè sọ ọ́, torí pé snail ni òyìnbó ń pe méjèèjì, àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì ní Òkè-Fìà sì ti ń ju ìgbín ọbẹ̀ sómi. Orí ilẹ̀ ni ìgbín ń gbé. Bó bá rì sómi, yóò kú, yóò jẹrà, yóò sì ba omi jẹ́ mọ́ ẹja lára. Ìṣáwùrú lẹ ń wá.

Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Àwọn kan á ní odò ni, ọ̀fẹ́ sì ni. A ò fara mọ́ ọn rárá. Lára ìṣáwùrú omi wa ni Bulinus wà, òun ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ẹni tó ní àrùn náà á tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò á pa, á wọnú ìṣáwùrú, á di púpọ̀ níbẹ̀, á sì jáde nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sómi. Kò dìgbà téèyàn bá mu omi náà. Awọ ara ló ń gbà wọlé. Ọwọ́ tí ẹ kì bọ inú gíláàsì láti yọ ewé ti tó. Àwọn olùwádìí ti bá àrùn yìí lára àwọn ọmọ iléèwé nítòsí adágún odò Erinlẹ̀, kò sì jìnnà sí wa.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń ṣini lọ́nà. Ìbálòpọ̀ ni àtọ̀sí ti ń wá, omi ni àtọ̀sí ajá ti ń wá (ajá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀). Ẹni tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ á máa tijú, á lọ ra oògùn tí kò kan àrùn náà. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ilé ìwòsàn sì ni kí ẹ ti gbà á.

Bí ẹ bá gbé Bulinus sókè, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín, apá òsì ni ẹnu náà máa wà, kò sì ní ìdérí. Èyí tó ní ìdérí sàn díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọ́. Àwọn kòkòrò mìíràn ń gbé inú tiẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pa nínú gíláàsì ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja, nítorí kòkòrò àtọ̀sí ajá kì í bá ẹyin ìṣáwùrú wá. Ẹ mú èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì dáadáa, tí karahun rẹ̀ kò lu. Ẹ lọ èèpo ẹyin adìyẹ sómi fún karahun náà. Oògùn ẹja tó ní bàbà nínú ń pa wọ́n. Oúnjẹ àjẹkù ló sì ń mú wọn bí sí i kọjá bó ṣe yẹ.

Bí wọ́n bá wá pọ̀ jù, ẹ má dà wọ́n sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí Ọ̀ṣun. Lọ́dún 2020, ní Kẹ́ńyà, wọ́n rí apple snail, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù, nínú oko ìrẹsì Mwea, ó ń jẹ ọmọ ìrẹsì. Omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ dà lé wọn lórí, kí ẹ tó kó wọn sórí ààtàn.