Irọ́ ni o, Kólórádò kì í ṣe igbó!

Lójú àwọn tó ń fà á nígboro Èkó, igbó olówó ńlá ni Kólórádò. Irọ́ gbuu! Ewé lásán ló wà nínú ọ̀rá yẹn, kẹ́míkà ni wọ́n fọ́n sí i lára.

Ọ̀jọ̀gbọ́n John W. Huffman ti Yunifásítì Clemson, l'Amẹ́ríkà, ló ṣe ọ̀kan lára irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, JWH-018. Ìwádìí ni bàbá náà ń ṣe ní tiẹ̀, kò bá ti fàájì wá. Àfi bí wọ́n ṣe bá a nínú ewé Spice tí wọ́n ń tà ní Jámánì lọ́dún 2008! Huffman alára pariwo pé ẹ̀mí lèèyàn ń fi ta tẹ́tẹ́.

Agbára ẹ̀ ju tigbó lọ fíìfíì, kò sì dọ́gba lára ewé. Ẹni méjì lè jọ fa ti inú ọ̀rá kan náà, kí ọ̀kan máa rẹ́rìn-ín, kí gìrì ti gbé èkejì ṣánlẹ̀, kí ọkàn ẹ̀ máa lù kìkì. Àwọn mí-ìn ò dìde mọ́.

Jámánì fòfin dè é ní 2009, Amẹ́ríkà ní 2011. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ibi yìí gbọ́n: bí wọ́n bá ti de ọ̀kan, wọ́n á yí kẹ́míkà pa dà díẹ̀. Nílé ńbí, NDLEA ń mú ẹni tó ń tà á.

Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ yéé da omi lé e lórí. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ má sì fi orúkọ ohun tó fà pa mọ́ fún dókítà, torí àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ igbó kì í sábà rí i.