Òǹwòran Kì í Ṣe Àjèjì

Àwọn elédè Cantonese máa ń pa á lówe pé ẹni tó jókòó sídìí ayò ni nǹkan ń rú lójú, òǹwòran ló ń rí i kedere. Yorùbá náà gbà pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí a sọ òwe náà di ìwé àṣẹ fún àjèjì, bí ẹni pé òkèèrè ni ìmọ̀ ń gbé.

Òwe náà fúnra rẹ̀ ta ko irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Eré orí ọpọ́n ni ‘guk’ inú rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ẹni tí kò mọ òfin ayò, bó wòran títí ilẹ̀ fi ṣú, ọmọ ayò lásán ni yóò rí. Ohun tó la òǹwòran lójú ni pé kò ní ohun tí yóò pàdánù, kì í ṣe pé ó ti ìlú mìíràn wá.

Ẹ wo ohùn èdè Cantonese. Àwọn àgbà ń ka mẹ́sàn-án, nítorí wọ́n ya sílébù tí p, t tàbí k parí sọ́tọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní Hong Kong gbé Jyutping kalẹ̀ ní 1993, mẹ́fà ni wọ́n fi nọ́ńbà sàmì sí. Àwọn elédè náà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ yìí. Wọn kò di àjèjì. Ńṣe ni wọ́n sún díẹ̀ kúrò nídìí ọpọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Yorùbá, ṣe kọ gírámà Yorùbá tó jáde ní 1966.

Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní Hong Kong kọ ọ́ síta pé ẹ̀ka-èdè tí kì í ṣe èdè ìjọba ni Cantonese. Ariwo ta, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Aláṣẹ tó ń pín ipò fún èdè kì í ṣe òǹwòran. Òun gan-an ló di ọpọ́n mú.

Nítorí náà, kí olùkọ́ èdè ní ilẹ̀ Áfíríkà yé béèrè ibi tí wọ́n ti bí alárìíwísí. Ìbéèrè méjì ló tó: ǹjẹ́ ó mọ ayò náà? Kí ni yóò jẹ tàbí pàdánù níbẹ̀? Ẹni tí kò lè dáhùn méjèèjì, àlejò tó ń kọjá lọ ni, kì í ṣe òǹwòran.