Ìka Kò Dọ́gba: Owó Kan Náà fún Alágbẹ̀dẹ àti Ilé-Iṣẹ́ Ńlá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ń jó irin ní Àpákùn àti káàkiri Ọ̀ṣọ́dì. Irú wọn ni ń ṣe ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí ẹ sì fi ń fún epo. Ìbéèrè wa lọ́sẹ̀ yìí ni pé, bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun jáde, ta ni òfin Nàìjíríà sọ pé ó ni ín?

Òfin pátẹ́ǹtì ti 1970, tí ó lè fi ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ sí ọwọ́ ẹnìkan fún 20 ọdún, dáhùn láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè ni, ìbáà jẹ́ òun ni ó hùmọ̀ rẹ̀ tàbí òun kọ́. Ẹni tí wọ́n bá jí ọgbọ́n rẹ̀ lè lọ sí kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi san owó lọ́yà? Bí ó bá sì ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọjà kí ó tó kọ̀wé, òfin kò kà á sí tuntun mọ́. Nítorí náà, tálákà tí ó ní òun yóò kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ méjì mẹ́ta kí òun lè rí owó ìwé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé náà jẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀ràn owó ti di ọ̀ràn ńlá. Òfin náà kò mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá. Ẹni tí ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà àti ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, ojú kan náà ni ó fi ń wò wọ́n. Ọdọọdún ni a sì ń san owó mìíràn kí ìwé má bàa kú. Kí ni wọ́n ń gba owó náà fún? Ọ́fíìsì Abùjá kì í wádìí bóyá ìhùmọ̀ náà tuntun ní tòótọ́; bí a ti kọ ìwé ni ó ń yẹ̀ wò, òfin sì sọ pé orí ẹni tí ó gbà á ni ewu rẹ̀ wà.

Kí àwọn èwe má ṣe gbàgbé pé láti 1925 títí di 1970, pátẹ́ǹtì tí Lọ́ńdọ̀nù bá ti fọwọ́ sí nìkan ni a ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín. Òmìnira dé ní 1960, ọdún mẹ́wàá gbáko ni àjàgà náà tún fi wà lọ́rùn wa. Ṣé kí ọlọ́rọ̀ nìkan lè wọlé ni a ṣe gbé ilẹ̀kùn náà wá sílé?

Ní Amẹ́ríkà, tí a ń bú pé owó ni wọ́n ń bọ, ẹni tí ó dá dúró àti ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 500 lọ ń san ìdá 40 péré nínú 100 lórí ọ̀pọ̀ owó pátẹ́ǹtì láti ìparí 2022. Àwọn tí ó kéré jù wọ́n lọ, tí òfin 2011 yà sọ́tọ̀, ń san ìdá 20. Íńdíà, tí ọ̀gá kan náà jẹ gàba lé lórí, ń gba 1,600 rúpìì lọ́wọ́ ẹni kékeré níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń san 8,000. Àjọ àgbáyé ní Geneva pàápàá ń dín ìdá 90 kù nínú owó ìkọ̀wé rẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé nílé, tí ó sì kọ̀wé lórúkọ ara rẹ̀. Àjèjì ṣàánú wa, ilé kọ̀!

Wọn yóò ní ọlọ́rọ̀ yóò sápamọ́ sẹ́yìn tálákà. Amẹ́ríkà ti rò ó: ẹni tí ó bá purọ́ pé òun kéré, owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí kò san. Wọn yóò tún ní owó lọ́yà ni ó pọ̀ jù. Òótọ́ ni, a ó sì dé orí èyíinì lọ́sẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a kò lè mọ ẹni kékeré. Nígbà tí ó kan owó-orí, wọ́n mọ̀ ọ́n: òfin ìṣúná 2019 yọ̀ǹda owó-orí èrè fún ilé-iṣẹ́ tí òwò rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 25 náírà lọ lọ́dún.

Mínísítà ni òfin 1970 fi iye owó náà sí lọ́wọ́. Kí ó kọ ìlà kan ṣoṣo sí i: kí ẹni tí ó dá dúró, àti ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá, máa san ìdá kan nínú márùn-ún, lọ́jọ́ ìkọ̀wé àti lọ́dọọdún. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí aṣojú rẹ̀ ní Abùjá kí oṣù yìí tó parí.