Kí Ọmọ Tó Dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí wa, a kò fẹ́ ba ayọ̀ àjọ̀dún yìí jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ kíláàsì kìíní kò lè gbé mì. Lọ́dọọdún ni à ń gba àwọn ọmọ tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì kan lásìkò àdúrà òwúrọ̀, ilẹ̀ ni wọn yóò máa wò. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Láti kíláàsì kejì tàbí ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ ti fi wọ́n sílẹ̀, tí a sì kàn ń gbé wọn gun òkè lọ́dọọdún.

Ẹgbẹ́ Pratham ní orílẹ̀-èdè Íńdíà bá irú ìṣòro yìí pàdé. Wọ́n pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n kàwé sókè: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn kékeré. Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ kíláàsì kẹta ni ó wà tàbí ẹ̀karùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ìpele mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò: ẹ̀kọ́ tó yè kooro fún gbogbo kíláàsì, ìrànlọ́wọ́ ní ẹgbẹ́ kéékèèké fún àwọn tí ó rẹ̀yìn, àti àbójútó ẹnì kọ̀ọ̀kan fún àwọn díẹ̀ tí ìyẹn kò tó fún.

Ẹ̀rù kan ń bà wá. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń pe àwọn tó jókòó lẹ́yìn ní olódo. Bí a bá pín ọmọ sí ẹgbẹ́, tí a kò sì tún dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó lè kúrò níbẹ̀, olódo náà ni a tún sọ ọ́ dà. Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá dán an wò pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń ka Yorùbá já gaara ti mọ̀wé kà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù.

Àwọn kan yóò ní olùkọ́ kan kò lè ṣe èyí fún àádọ́ta ọmọ. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí apá kan nínú owó tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ẹnubodè tuntun lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yí wa ká, fún olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ àti ìwé ìtàn pẹlẹbẹ. Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, ẹ ní kí ọmọ yín ka ojú-ewé kan sókè létí yín. Bí ó bá dúró, ẹ má nà án. Ẹ lọ sọ ibi tí ó ti dúró fún olùkọ́ rẹ̀.