Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá: Ọba Tuntun àti Àwọn Ọ̀rẹ́ Ilẹ̀ Sàúdí Árábíà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ń fi ọba jẹ, tí ń rọ ọba lóyè, tí ìjọba tirẹ̀ kò sì ní òpin. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn náà:

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, lẹ́yìn ilẹ̀ tiwa, bóyá ni orílẹ̀-èdè kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ wá lógún tó ti Sàúdí Árábíà. Ibẹ̀ ni a ń kọjú sí kírun, ibẹ̀ ni àwọn òbí wa ń tọ́jú owó láti lọ ṣe Hájì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kéú wa ń fojú sọ́nà láti lọ parí ẹ̀kọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá kéde pé ọba kan papòdà níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa: Ṣé ọba tuntun yìí yóò kọ Amẹ́ríkà sílẹ̀? Ṣé yóò bá Ìránì rẹ́? Ṣé yóò gbèjà Palẹsítínì?

Àwọn àgbà wa sọ pé ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n àlàyé tí a fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbà lè yí padà kí ìdí ọ̀rọ̀ má yí. Ọba tuntun lè pààrọ̀ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú ìlú wá ọ̀rẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá sì sọ ìjà ọba di ẹ̀sìn, ọba náà yóò parí ìjà rẹ̀, òun ni yóò ṣẹ́kù sójú ogun.

ÌPÌLẸ̀ TÍ BÀBÁ FI LÉLẸ̀

Ọba Abdul-Aziz ọmọ Saud ni ó kó àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ náà jọ tí ó sì sọ wọ́n di orílẹ̀-èdè kan ní ọdún 1932. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1926, nígbà tí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ìjọba àwọn Kọ́múníìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí kò gbà pé Ọlọ́hun wà, ni ó kọ́kọ́ gbà á ní ọba. Ọba náà kò sì kọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1933, nígbà tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ wíwá epo fún àwọn àjèjì, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó gbé e fún, kò fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, nítorí kìrìsìtẹ́nì ni àwọn méjèèjì. Ohun tí ó rí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ti yí i ká: agbára wọn wà ní Ìráàkì, ó wà ní Jọ́dánì, ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọba kéékèèké etí òkun. Amẹ́ríkà jìnnà, ó sì ń san góòlù. Nígbà tí ó di ọdún 1938, epo tú jáde ní Dammam.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1945, ọba náà pàdé Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kan ní agbègbè Suez, nílẹ̀ Íjíbítì. Roosevelt fẹ́ kí ó fara mọ́ ọn kí àwọn Júù máa wá tẹ̀dó sí Palẹsítínì. Ọba kọ̀ jálẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò fi ìjà túká, bí ọ̀rẹ́ ni wọ́n ṣe pínyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Níbi ìpàdé kan náà ni ọ̀rẹ́ àti àríyànjiyàn Palẹsítínì ti jókòó ti ara wọn, àwọn méjèèjì ni ó sì ń bá gbogbo ọba tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ rìn.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ Ó JẸ LẸ́YÌN RẸ̀

Abdul-Aziz kú ní ọdún 1953, Saud ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní ọdún 1955, Saud bá Nasser ti Íjíbítì ṣe àdéhùn pé àwọn yóò jọ máa gbèjà ara wọn. Kí ó tó pé ọdún méjì sí i, ó ti lọ kí Eisenhower ní Amẹ́ríkà, ó sì ń yà kúrò lẹ́yìn Nasser. Nígbà tí ogun Yẹ́mẹ̀nì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1962, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí Íjíbítì ń tì lẹ́yìn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí Sàúdí ń tì lẹ́yìn. Ọba kan ṣoṣo ni a ń wí yìí o! Kì í ṣe pé oyè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀rẹ́ fi yí padà. Ìbẹ̀rù pé ìdìtẹ̀ tí ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ ọba Íjíbítì lè dé ọ̀dọ̀ òun náà ni.

Ní ọdún 1964 wọ́n yọ Saud lóyè, wọ́n sì fi Faisal àbúrò rẹ̀ jẹ. Bí a bá ń wá ọba tí ó fi ìjókòó rẹ̀ hàn, Faisal ni. Ní ọdún 1967, ní àpérò Khartoum, ó parí ìjà pẹ̀lú Nasser: Íjíbítì gbà láti kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Yẹ́mẹ̀nì, Sàúdí, Kùwéètì àti Líbíà sì gbà láti máa fi owó epo ran Íjíbítì àti Jọ́dánì lọ́wọ́ lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì ti ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí iná sun Mọ́sálásí Al-Aqsa ní ọdún 1969, ó wà lára àwọn tí ó pe àwọn olórí Mùsùlùmí jọ sí Rabat, níbi tí àjọ OIC ti ṣẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, nítorí ogun Palẹsítínì, ó dáwọ́ epo dúró fún Amẹ́ríkà. Àgbá epo kan tí à ń tà ní nǹkan bí dọ́là 3 di nǹkan bí dọ́là 12 láàárín oṣù díẹ̀. Gbogbo ayé mì.

Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rẹ́ Sàúdí àti Amẹ́ríkà ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 1974 wọ́n tún ṣí epo sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Fahd, àbúrò ọba, ti wà ní Washington tí ó ń fọwọ́ sí ìwé pé orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò jọ máa ṣe ọrọ̀ ajé pọ̀. Oṣù mẹ́ta péré! Àwọn Yorùbá ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Khalid jẹ láti 1975 títí di 1982, kò yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fahd, ẹni tí ó yan orúkọ Olùtọ́jú Hàrámù méjèèjì ní ọdún 1986 dípò oyè ọba tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Fahd yìí ni gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà jù lọ. Síbẹ̀, òun ni ó ra ohun ìjà olóró lọ́wọ́ Ṣáínà, tí àṣírí rẹ̀ tú ní ọdún 1988. Òun ni ó bá Ṣáínà dá àjọṣe sílẹ̀ ní ọdún 1990. Òun náà ni ó tún bá Rọ́ṣíà dọ́rẹ̀ẹ́ ní ọdún náà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún kan náà ni Ìráàkì gba Kùwéètì, tí Fahd sì pe àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọlé. Àwọn àgbà onímímọ̀ ibẹ̀ ṣe fátúwà pé ó tọ́, àwọn Mùsùlùmí jákèjádò ayé sì pín sí méjì lórí rẹ̀.

Nígbà tí Abdullah jọba ní ọdún 2005, Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ gbà lọ ní oṣù kìíní ọdún 2006, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Íńdíà. Ẹni tí ó bá ń sọ lónìí pé àṣẹ̀ṣẹ̀dé ni ọ̀rẹ́ Sàúdí àti Ṣáínà, kò wo ẹ̀yìn wò.

ÌGBÀ SALMAN ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Salman gorí oyè ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2015. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ogun Yẹ́mẹ̀nì ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, lẹ́yìn tí wọ́n kọlu ilé aṣojú Sàúdí ní Tehran, ó já okùn àjọṣe pẹ̀lú Ìránì. Ní ọdún náà, àwọn ará Ìránì kò rí Hájì ṣe láti orílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Sàúdí ti ẹnubodè mọ́ Qatar, oṣù náà ni wọ́n sì fi Muhammad ọmọ Salman ṣe àrólé ọba. Ní oṣù kẹwàá, Salman di ọba Sàúdí àkọ́kọ́ tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Wọ́n ní ayé ti yí nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n fi ohun ìjà olófuurufú kọlu ibùdó epo Abqaiq. Nǹkan bí ìdajì epo tí Sàúdí ń wà lójúmọ́ dúró. Sàúdí àti Amẹ́ríkà ní ọwọ́ Ìránì wà níbẹ̀. Ìránì ní kò sí. Amẹ́ríkà kò torí rẹ̀ jagun. Ẹni tí ó gbójú lé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ní Al-Ula, àrólé náà dì mọ́ Ọba Qatar ní pápákọ̀ òfuurufú. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó bá Ìránì rẹ́, Beijing ni wọ́n sì ti parí ìjà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bẹ̀ ẹ́ kí epo pọ̀ sí i, OPEC àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ní àwọn yóò dín àgbá epo mílíọ̀nù 2 kù lójúmọ́. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àrólé yìí kan náà gba Trump lálejò ní Riyadh tayọ̀tayọ̀, ó sì bá Pakísítánì fọwọ́ sí ìwé ìgbèjà ara ẹni ní oṣù kẹsàn-án.

OHUN TÍ ỌBA LÈ YÍ ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ YÍ

Ohun mẹ́ta ni a rí tí ọba kankan níbẹ̀ kò lè sá fún. Èkíní ni epo: ẹni tí ó bá ń ra epo jù ni a gbọ́dọ̀ bá ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń yí sí Ṣáínà. Èkejì ni ààbò: ọkọ̀ òfuurufú ogun tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ni ó ní irin iṣẹ́ tí à ń fi tún un ṣe, a kò lè pààrọ̀ rẹ̀ lóòjọ́. Ẹ̀kẹta ni Hàrámù méjèèjì: ẹni tí ó bá ń jẹ́ Olùtọ́jú wọn kò lè ta Palẹsítínì ní gbangba kí iyì rẹ̀ má dínkù lójú Mùsùlùmí. Nígbà tí Emirate àti Bahrain bá Ísírẹ́lì ṣe àdéhùn ní ọdún 2020, Sàúdí kò tẹ̀lé wọn títí ọdún 2025 fi parí. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ọ̀nà àtidá orílẹ̀-èdè fún Palẹsítínì kọ́kọ́ là.

Kí ni ọba tuntun lè yí nígbà náà? Ó lè yí bí nǹkan ṣe ń yá sí. Láti ọdún 1953, àwọn ọmọ Abdul-Aziz mẹ́fà ni ó ti jọba tẹ̀léra: Saud, Faisal, Khalid, Fahd, Abdullah àti Salman. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n jọ ń gbìmọ̀, èyí sì ń fà wọ́n sẹ́yìn. Bí oyè bá bọ́ sọ́wọ́ Muhammad, yóò jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ-ọmọ yóò jẹ, agbára sì ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Níbi tí ẹnì kan ti ń pàṣẹ, ìjà tètè ń bẹ̀rẹ̀, ó sì tètè ń parí. Qatar jẹ́rìí sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ọmọ-ọmọ kò ní ka ọ̀rọ̀ àwọn bàbá sí. Ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n oyè máa ń kọ́ ọlọ́yè lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogun ní 2015 náà ni ó ń wá ìrẹ́pọ̀ ní 2023.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá? Àkọ́kọ́, kí a má ṣe gbé ìjà ọba gun orí mínbárì. Nígbà tí ìjà Qatar gbóná, a gbọ́ àwọn oníwáàsí tí ń ṣépè fún ìlú Mùsùlùmí tí wọn kò dé rí. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn olóhun dì mọ́ ara wọn. Ta ni yóò wá bá àwọn tí ó ti torí rẹ̀ yapa ní mọ́sálásí àdúgbò parí ìjà tiwọn? Ohun tí ó ya Súnnì àti Ṣíà sọ́tọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Kí a fi ìwé àti sùúrù yanjú rẹ̀, kí a má fi ìròyìn rédíò wọn ọ́n.

Ẹ̀kejì, ìfẹ́ tí a ní sí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà kì í ṣe ti ọba. Ọba ń lọ, ọba ń bọ̀, Kábà wà níbẹ̀. Ẹni tí inú ń bí sí ọba kan kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ sọ̀rọ̀ àbùkù sí ilẹ̀ mímọ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ mímọ́, kò pọn dandan kí ó máa pe gbogbo ìṣe ọba ní Súnnà.

Ẹ̀kẹta, ìgbà Ọba Saud ni wọ́n dá Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mẹ̀dínà sílẹ̀, ní ọdún 1961. A dúpẹ́ oore náà, àwọn ọmọ wa sì ti jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọba kan rí bí àánú, ọba mìíràn lè rí i bí ìnáwó. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ilé kéú tí kò lè san owó oṣù olùkọ́ rẹ̀ àfi bí àjèjì bá fi owó ránṣẹ́, ọjọ́ tí ìjọba yí padà lókèèrè ni yóò ti ilẹ̀kùn. Kí àwọn òbí, àwọn ọlọ́lá inú wa àti àwọn ọmọ tí ó ti jáde fi ilẹ̀, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ṣe wákàfù fún àwọn ilé kéú wa. Kí àwa olùkọ́ náà sì máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ayé pẹ̀lú náhàwù. Ọmọ tí ó lè ṣàlàyé gbólóhùn Lárúbáwá, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1973, ẹnikẹ́ni ni ó lè tàn án jẹ pẹ̀lú èdè tí ó kọ́.

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kan náà ni à ń sìn ní gbogbo ìgbà. Kí Ọlọ́hun tún ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí ṣe, kí Ó gba àwọn ará Palẹsítínì sílẹ̀, kí Ó fi àwọn olórí tí ń bẹ̀rù Rẹ̀ jẹ lórí wa níbí àti lọ́hùn-ún, kí Ó má sì jẹ́ kí àwọn ilé kéú wa di ahoro. Àmín.