Ta Ló Sọ Pé Ìpalára Bàálù Náà Kéré?

Nígbà tí ìwé ìnṣọ́ránsì bàálù bá fẹ́ẹ́ parí, fọ́ọ̀mù kan á dé iwájú ẹni tó ni ín. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń mú kí bírò dúró lórí ìwé: ǹjẹ́ ohunkóhun ti ṣe bàálù yìí láti ọdún tó kọjá? Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù ti fi etí gbá a lábẹ́ ìyẹ́ ní pápákọ̀, tí irin ibẹ̀ tẹ̀ wọnú níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ẹnjiníà ti tún un ṣe, ó ti fọwọ́ sí ìwé. Iye tí wọ́n ná kò sì tó èyí tí àdéhùn ní kí olówó bàálù kọ́kọ́ fi àpò ara rẹ̀ gbé kí adójútòfò tó dá sí i, nítorí náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó wá kọ "Rárá" síwájú ìbéèrè náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn kò tọ́, kódà bí ẹni tó kọ ọ́ kì í bá ṣe oníjìbìtì. Ẹni tó máa gbé ẹrù òfò ló yẹ kó pinnu bóyá ìpalára kéré, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù náà lé e lórí.

Ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìpalára bàálù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2005, òṣìṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ Seattle ní Amẹ́ríkà gbá ara bàálù Alaska Airlines kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàálù gbéra. Nígbà tó dé nǹkan bí 26,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè, ibi tó gbá náà ya, ihò tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan lu, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sì tú jáde. Àwọn awakọ̀ sáré gbé e padà sí Seattle, ẹnikẹ́ni kò kú. Ti China Airlines kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1980, ìrù Boeing 747 wọn kan ha ilẹ̀ ní Hong Kong. Wọ́n fi irin lẹ̀ ẹ́, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì tún fò fún ọdún 22. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2002, ó já sí wẹ́wẹ́ lójú òfuurufú láàárín Taiwan àti Hong Kong, gbogbo ènìyàn 225 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé wọn kò ṣe àtúnṣe yẹn bí ìwé àwọn tó kan bàálù náà ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n kàn fi irin mìíràn bo ojú ibi tó ha ni, ibẹ̀ sì ń sán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìbòrí. Fọ́tò tí wọ́n ti yà ṣáájú ìjàǹbá náà fi àbàwọ́n èéfín sìgá hàn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú létí irin ọ̀hún: èéfín tí àwọn èrò ń fà nínú ọkọ̀ ti ń rí ojú ibi tó sán náà gbà jáde tipẹ́tipẹ́. Bàálù Japan Airlines tó pa ènìyàn 520 ní 1985 náà ti fi ìrù ha ilẹ̀ rí ní Osaka, ní 1978, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì péye.

Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún adójútòfò nínú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbuwọ́lù ẹnjiníà kò pa ìtàn ìpalára rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì tún ti le sí i, nítorí pé àwọn bàálù òde òní bíi Boeing 787 kì í ṣe irin nìkan. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ okùn kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele. Bí nǹkan bá gbá irú ara bẹ́ẹ̀, ọ̀dà òkè lè má tilẹ̀ bó, kí àwọn ìpele inú sì ti ṣí kúrò lára ara wọn.

Òfin ìnṣọ́ránsì mọ̀ pé bí nǹkan ṣe rí nìyí. Ní 1766, nínú ẹjọ́ Carter àti Boehm, Lord Mansfield là á mọ́lẹ̀ ní London pé ẹni tó ń ra ìnṣọ́ránsì ló mọ ohun tó wà nílé rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni adójútòfò gbára lé. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni òwò yìí ṣì dúró sí. Ó kan Nàìjíríà gan-an, nítorí pé apá tó pọ̀ nínú ewu bàálù wa ni wọ́n ń pín fún àwọn adójútòfò òkè òkun. Ẹni tó jókòó sí London kò ní rí bàálù tó wà ní Ìkẹjà sójú láéláé. Fọ́ọ̀mù yẹn nìkan ló rí.

Ẹnìkan lè sọ pé òfin ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà ti 2003, èyí tí òfin tuntun ti 2025 wá rọ́pò, ti sọ pé ohun tí adójútòfò kò bá béèrè nínú fọ́ọ̀mù kò ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni, òfin tó dáa sì ni. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá béèrè nípa ìjàǹbá tàbí ìpalára, kì í ṣe owó tí a gbà nìkan ló ń béèrè. Ẹni tó bá dáhùn bí ẹni pé owó nìkan ni wọ́n bi í, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í ló dáhùn.

Àwíjàre tó lágbára jù ni èyí tó wà lẹ́nu gbogbo ayé, pé àwọn adójútòfò mọ owó gbà, wọn kò mọ owó san. Bí a bá sọ fún wọn, wọn á fi owó lé e, bí òfò bá sì dé, wọn á tún wá ẹ̀sùn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé irú wọn kò sí. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ẹ̀sùn lé wọn lọ́wọ́? Bí bàálù bá já, ìwé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, àtúnṣe abẹ́ ìyẹ́ yẹn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Lábẹ́ òfin ìnṣọ́ránsì Gẹ̀ẹ́sì ti 2015, bí wọ́n bá rí i pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni, wọ́n lè fagi lé ìwé náà, kí wọ́n má san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì mú owó rẹ̀ dání. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, wọ́n lè dín owó òfò kù: ẹni tó san 6,000 pọ́n-ùn níbi tó ti yẹ kó san 8,000 á gba 300,000 lórí òfò 400,000. Ó ṣeé ṣe kí owó ọdún gbé díẹ̀ sókè lóòótọ́ bó bá sọ. Kí ni ìyẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 100,000 tó pàdánù yẹn?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa ka gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó. Ohun tó bá ti tó kí ẹnjiníà kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, ó tó kí adójútòfò gbọ́. Àwọn adójútòfò náà ní tiwọn láti ṣe: kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn síta gbangba, kí wọ́n má sì gba ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò béèrè owó òfò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kàn sọ òótọ́, nítorí ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn láti dákẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàálù, ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù ọdún yìí, kẹ́ ẹ sì ka méjèèjì pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.